Kọfí Tí Mo Gbé Sílẹ̀ Lórí Ẹní

Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Mo máa ń ka ìtàn àwọn tó ń kọ̀wé sí ojú ewé yìí, tí wọ́n á fi omijé fọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn níwájú gbogbo ayé, tí ẹni tó ń kà á á sì máa ṣàánú wọn. Èmi ò wá àánú. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi dáadáa, kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó ń gbèrò irú rẹ̀ lè gbọ́ bó ṣe ń dún létí.

Shahin ni mí. Bàbá Saqr ni wọ́n ń pè mí ní Dóhà níbí. Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìyá Fuhaid, ìyàwó aládùúgbò wa, ní ọmọ ọwọ́ tiwọn lẹ́yìn. Wọ́n wọlé wá, wọn ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n gbé mi lórí ẹní, wọ́n fún mi lọ́mú. Ọdún méjì gbáko ni èmi àti Fuhaid fi pín ọmú náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá mu ọmú obìnrin ti di ọmọ rẹ̀ nìyẹn, bí ẹni tó jáde láti inú rẹ̀.

Ilé ìyá yìí ni mo gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀tàn ni mo sì fi gbà á.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ilé àwòṣífìlà ló gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa bá àwọn onílé àdúgbò wa létí òkun dúnàádúrà. Ta ni kò ní gbà mí? Mo mọ onílé tó ń bẹ̀rù ìyàwó. Mo mọ èyí tó ń bá àbúrò rẹ̀ jà lórí ogún. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, ilé mọ́kànlélógójì ti wó lulẹ̀. Nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ ń fẹ́, ẹyọ kan ló kù, ilé Bàbá Fuhaid.

Òkúta inú òkun ni wọ́n fi mọ ilé yẹn, bàbá tó bí bàbá wọn ló sì mọ ọ́n. Ilẹ̀kùn àkòdì rẹ̀ kì í tì. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ làwọn àgbà atukọ̀ ń péjọ síbẹ̀ láti mu kọfí kí wọ́n sì purọ́ nípa ẹja tí wọ́n pa nígbà èwe. Ẹ̀rọ tó ń gún irin mọ́lẹ̀ ń dún gbì, gbì, gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, eruku sìmẹ́ǹtì ń bọ́ sínú kọfí, Bàbá Fuhaid ò yẹsẹ̀.

Wọ́n ní, "Kí wọ́n kọ́ ilé gíga wọn kó kan sánmà, kó kan ilé àwọn màlékà pàápàá. Kó ṣáà ti má kan ògiri mi. Ẹni tó bá sì dárúkọ títà lórí ẹní mi, kó yáa wá ẹní ẹlòmíì jókòó lé."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Nizar pè mí. Ẹnjiníà ni, ará Lẹ́bánónì, òun sì ni ọ̀gá àgbà iṣẹ́ ilé gíga náà. Ó tẹ́ àwòrán ilé méjì sórí tábìlì.

Ó ní, "Wo èyí. Ilé àgbà yín rèé, a ò fọwọ́ kàn án. A gbin òdòdó yí i ká, àwọn àlejò á máa ya fọ́tò níbẹ̀. Ká sòótọ́, èmi fẹ́ràn rẹ̀."

Mo bi í pé, "Èkejì yìí ńkọ́?"

"Kò sí ilé nínú èyí. Ọ̀nà mọ́tò gba ibẹ̀ kọjá, mọ́tò àwọn olówó á yípo lẹ́nu ọ̀nà gẹ́lẹ́. Èyí làwọn tó gbé owó kalẹ̀ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí àgbà náà bá kọ̀, ó ti kọ̀ náà nìyẹn. Bóṣù yìí bá parí, ti àkọ́kọ́ la máa lò."

"Ìjọba ò ní gbà á fún yín?"

"Ìjọba kẹ̀? Wọ́n ti kọ̀wé sí wa. Wọ́n ní ilé àtijọ́ ni, kí onílé ṣe bó bá ṣe wù ú." Ó wá rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. "Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá lè gbà á, igbákejì mi ni ọ́ láti ọjọ́ yẹn lọ. Àjà ọgọ́ta ni ọ́fíìsì rẹ á wà. Wàá máa wo òkun láti ibi tí ẹyẹ ò dé."

Ẹ gbọ́ mi yé o. Mo mọ̀ pé ilé náà lè dúró. Mo fojú ara mi rí àwòrán rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn.

Àjà ọgọ́ta ló ń dún lórí mi bí agogo. Láti kékeré ni mo ti jẹ́ ọmọ tí wọ́n ń nàka sí pé, "Ọmọ tí wọ́n tọrọ ọmú fún nìyẹn." Mo rí ara mi lókè, tí gbogbo wọn kéré bí èèrà nísàlẹ̀. Inú mi dùn. Inú burúkú gbáà ni, ṣùgbọ́n ó dùn.

Mo délé lọ́jọ́ náà, Wadha ìyàwó mi ń dúró dè mí.

Ó ní, "Bàbá Saqr, ìgbà wo lẹ máa lọ tọrọ ọmọ yẹn? Ọmọ yín ò jẹun mọ́. Noof lówùúrọ̀, Noof lálẹ́."

Noof ni ọmọ Fuhaid lóbìnrin. Saqr ọmọ mi ti fẹ́ràn rẹ̀ tipẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n sì lè fẹ́ ọmọ àbúrò lọ́dọ̀ tiwa. Gbogbo ìdílé méjèèjì ló mọ̀, wọ́n kàn ń dúró kí èmi lọ lanu ni.

Wadha tún ní, "Ìyá Fuhaid ti ń ra tùràrí pamọ́ o. Ẹ má jẹ́ kójú tì mí."

Ibẹ̀ ni èṣù ti bá mi sọ̀rọ̀, àbí kí n má parọ́ mọ́ èṣù, èmi ni mo bá ara mi sọ ọ́. Mo ní, "Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ọ̀rọ̀ ńlá ni mo ń bá bọ̀."

Ó bi mí pé, "Ṣé ti Saqr ni?"

Mo ní, "Ṣáà sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ńlá ni."

Ó sáré lọ bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Àwọn obìnrin bá mi parí èyí tó kù. Nígbà tí Jímọ̀ fi máa dé, kò sí ẹni tó mu kọfí ládùúgbò tí kò gbọ́ pé Shahin ń lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀.

Àkòdì kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Ó tó ogójì ọkùnrin. Mo mú méjì lára àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wa dání, wọ́n wọ jálàmíà funfun bíi tèmi, mo pè wọ́n ní ọ̀rẹ́ mi. Bàbá Fuhaid wọ aṣọ àwọ̀lékè ọdún wọn. Wọ́n mú mi jókòó lápá ọ̀tún wọn. Òórùn tùràrí ti inú ilé àwọn obìnrin ń bọ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wá.

Fuhaid fúnra rẹ̀ ló ń bu kọfí. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ṣẹ́jú sí mi bí ẹni pé kó yá kíá, ó gbé ife kékeré náà lé mi lọ́wọ́.

Mo gbà á. Mi ò mu ún. Mo gbé e sílẹ̀ lórí ẹní níwájú mi.

Gbogbo ojú yí sí ife náà. Kò sí ọmọ ilẹ̀ wa tí kò mọ ohun tíyẹn jẹ́. Àlejò tó bá gbé kọfí sílẹ̀ láìmu ní ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún, kò sì ní fẹnu kàn án àfi tónílé bá gbà. Ọmọlúàbí onílé kì í kọ́kọ́ bèèrè pé kí ni. Ahun ló ń bèèrè. Bí ó bá sì ti sọ pé "mu ún", ó parí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Bàbá Fuhaid wò mí, ẹ̀rín kún irùngbọ̀n wọn. Wọ́n gbóhùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Shahin ọmọ mi, mu kọfí rẹ. Ohun tó o bá wá ti di tìrẹ, mo fi irùngbọ̀n yìí búra."

Mo gbé e, mo mu ún tán.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ làwọn obìnrin inú ilé bú sáriwo ayọ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi ahọ́n gbọ̀n jáde lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Fuhaid nínú rẹ̀, ó ròkè ju tàwọn yòókù lọ.

Inú ariwo ayọ̀ yẹn ni mo ti sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, ilé yìí ni."

Wọn ò kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ní, "Kí ni?"

"Ilé yìí. Kí ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìjọba ti pinnu láti fi ipá gbà á kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n á sì wó o lé yín lórí. Mo fẹ́ gbà yín sílẹ̀ ni."

Ariwo àwọn obìnrin ń lọ ṣáá. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ẹnì kan tó lọ sọ fún wọn kí wọ́n dákẹ́.

Fuhaid dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò kọfí lọ́wọ́. "Shahin, kí lo sọ?"

Bàbá rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè pé kó panu mọ́. Wọ́n kọjú sí mi. "Ṣé ohun tó o bá wá nìyẹn?"

"Ohun tí mo bá wá nìyẹn, bàbá."

"O sì ti mu ún."

"Mo ti mu ún."

Wọ́n ní, "Ó ti bọ́ nìyẹn." Wọ́n bọ́ aṣọ àwọ̀lékè ọdún náà, wọ́n ká a sórí itan wọn.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni katapílà dé. Ìyá Fuhaid dúró lójú títì, wọ́n ń wo ògiri tó ń ṣubú. Àwọn ará àdúgbò ń kùn sí mi, wọ́n ń tutọ́ sílẹ̀ bí mo bá kọjá. Ẹ ò mọ ohun tí obìnrin náà ṣe? Wọ́n kọjú ìjà sí àwọn tó ń kùn náà.

Wọ́n ní, "Ẹ panu yín mọ́! Ìjọba ni ì bá gbà á lọ́wọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ mi ló tètè sáré síwájú wọn. Bí ẹ bá bí irú rẹ̀, ẹ bú u."

Mo gbọ́ ọ. Mo kọjá lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Wọ́n kó lọ sí ilé tuntun kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí iyanrìn ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Àkòdì ibẹ̀ tóbi, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń dún. Kò sẹ́ni tó wá. Àwọn àgbà atukọ̀ ò lè rìn débẹ̀, àwọn ọmọ wọn ò sì ráyè gbé wọn. Bàbá Fuhaid á se kọfí nírọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó tì í títí á fi tutù. Ti èmi? Mo ti di igbákejì ọ̀gá. Ilé gíga ń gòkè, èmi náà ń gòkè.

Ṣùgbọ́n Fuhaid ò gbàgbé. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi.

Ó ní, "Ta ni nínú ìjọba tó sọ fún ọ pé wọ́n máa gba ilé wa?"

Mo dárúkọ kan lásán. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Dari, ní ọ́fíìsì ilẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó padà dé. "Mo débẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní Dari kankan."

"Wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn ni."

"Ibo?"

"Fuhaid, ṣé ọlọ́pàá ni ọ́ ni? Ilé ti wó. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àwọn ọmọ."

Ó wò mí títí ojú mi fi wálẹ̀. Síbẹ̀ ó gbà, nítorí Noof. A dá ọjọ́ sí ìparí oṣù kẹta. Mo mí kanlẹ̀. Mo rò pé ìgbéyàwó á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lò tó ọdún mẹ́ta.

Ilé náà parí kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Àjà àádọ́rin! Kí lèèyàn ń wá lókè bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀. Ìdajì fèrèsé rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò tíì yọjú níbẹ̀ títí di òní. Lọ́jọ́ ìṣílé, lówùúrọ̀, wọ́n kó àwọn èèyàn pàtàkì jọ sí gbọ̀ngán ìsàlẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n pe Bàbá Fuhaid, kí ayé lè rí i pé ìjà ò sí. Wọ́n jókòó níwájú, Fuhaid wà lápá ọ̀tún wọn, Saqr ọmọ mi wà lápá òsì.

Nizar gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Inú rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Gbogbo yín ń rí irin, ẹ̀ ń rí gíláàsì. Kọfí ló kọ́ ilé yìí! A ti yàwòrán tí ilé àtijọ́ kan wà ní àárín rẹ̀. A ti gbà pé a ò ní wó o. Ìjọba gan-an kọ̀wé pé kí onílé ṣe bó bá ṣe wù ú, àwọn ò ní fipá gbà á. Ọkùnrin yìí, Shahin, ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó lọ gbé ife kọfí sílẹ̀ lórí ẹní, ó sì gbé ilé bọ̀! Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fi í ṣe igbákejì mi. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ara mi bù máṣọ. N kò lè gbé ojú mi sókè.

Fuhaid dìde. "Ọ̀gá, kí lẹ ní ìjọba kọ yẹn?"

Nizar ò fura. Ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Pé àwọn ò ní fipá gbà á, ọwọ́ onílé ló wà. Ẹ wò ó, àwòrán àkọ́kọ́ náà rèé lára ògiri, a gbé e kọ́ fún ìrántí."

Fuhaid rìn lọ síbẹ̀. Àwòrán náà wà lábẹ́ gíláàsì, ilé wọn wà láàárín rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó. Ó tẹ̀ba, ó ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó kà á sókè. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Jímọ̀ ọjọ́ náà ni.

Ó yíjú sí gbọ̀ngán. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò pàtẹ́wọ́ mọ́? Ẹ pàtẹ́wọ́ o! Ẹ wá wo ọkùnrin tó ta ọmú tó mu! Àjà mélòó lo gbà lórí rẹ̀, Shahin? Ọgọ́ta? Ọmú ìyá mi mà wọ́n o!"

Mo ní, "Fuhaid, jẹ́ ká lọ sọ ọ́ nílé."

"Ilé wo? Ilé dà? Ibi tí mọ́tò ti ń yípo yẹn?"

Saqr dìde. Ohùn rẹ̀ ò ga, ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngán gbọ́ ọ. "Bàbá mi, lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, wọ́n ní ẹ lọ tọrọ ìyàwó fún mi. Ṣé èmi lẹ fi ṣe ìjẹ?"



Bàbá Fuhaid nìkan ni kò bínú sí mi, ìyẹn ló sì burú jù. Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n dúró níwájú mi. "O ò bá ti sọ fún mi pé o fẹ́ di ọ̀gá. Ǹ bá fún ọ. Ọmọ kì í jí ohun bàbá rẹ̀, ó máa ń tọrọ ni." Wọ́n jáde. Fuhaid àti Saqr tẹ̀ lé wọn. Saqr ò tíì padà sílé mi láti ọjọ́ náà. Fuhaid ránṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti tán.

Ẹ lè máa rò pé wọ́n lé mi níbi iṣẹ́. Rárá o. Mo ṣì wà níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń gòkè lọ sí àjà ọgọ́ta, tí mo bá wo ìsàlẹ̀, mo ń rí mọ́tò àwọn olówó tó ń yípo. Ó máa ń gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú kan. Nítorí ìṣẹ́jú kan yẹn ni.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìṣílé ni mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Fuhaid. Mo sọ fún ara mi pé ọkùnrin lè bínú, ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá. Àwọn ni wọ́n gbèjà mi nígbà tí gbogbo àdúgbò ń tutọ́. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí n fi orí lé wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n gbá mi létí, kí wọ́n sì dárí jì mí.

Noof ló ṣílẹ̀kùn. Ó rí mi, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò kí mi.

Ìyá Fuhaid wà ní àgbàlá, wọ́n ń ṣa ìrẹsì nínú àwo. Ojú wọn wà ní ìṣí, irun funfun yọ díẹ̀ níwájú orí wọn. Mo ní, "Ìyá mi."

Wọ́n gbójú sókè. Wọ́n rí i pé èmi ni. Wọ́n wá rọra na ọwọ́, wọ́n fa aṣọ dúdú orí wọn wálẹ̀, wọ́n fi bojú wọn pátápátá.

Obìnrin ilẹ̀ wa kì í bojú fún ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin tí kò bá a tan ló ń bojú fún. Láti ọjọ́ kẹsàn-án tí mo dáyé ni mo ti ń wo ojú yẹn.

Wọ́n ní, "Noof, ta ni ọkùnrin yìí?"

Wọn ò dúró gba èsì.

"Sọ fún un pé ọkùnrin ò sí nílé. Kó padà wá nígbà tí bàbá rẹ bá dé, kó jókòó sí àkòdì bí àwọn àlejò tó kù."

Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. "Ìyá mi, èmi ni. Shahin ni. Ọmọ yín tí ẹ fún lọ́mú."

Ọwọ́ wọn ń ṣa ìrẹsì lọ. Aṣọ dúdú náà ò mì. Wọ́n ní, "Noof, sọ fún un pé ó ṣì mí mọ̀ ni. Fuhaid nìkan ni mo fún lọ́mú láyé mi."

Mo dìde, mo gbọn iyanrìn lára aṣọ mi. Ìyá tó bí mi wà nínú sàréè. Bàbá mi wà nínú sàréè. Nínú gbogbo àwọn àgbà tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi lórí ẹní, Ìyá Fuhaid nìkan ló kù láàyè, ẹ̀rí ẹnu wọn nìkan ló sì kù pé èmi náà ní ìyá rí.